Bí Ajá Ilé Bá Kú: Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Ìrántí Rẹ̀

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ka àkọlé ọ̀rọ̀ mi yìí, wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, "Ajá kú, ó kú náà nìyẹn, kí ni ti ìrántí níbẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí ná. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ajá tàbí ológbò tí ó ti bá ni gbé fún ọdún mẹ́wàá ti di ará ilé. Òun ni ó ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ti ń bá a ṣeré láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò. Bí ó bá kú, ọkàn a máa bàjẹ́. Ẹlòmíràn kò ní lè jẹun bí ó ti yẹ, ẹlòmíràn kò ní rí oorun sùn, a sì máa ṣe ẹlòmíràn bí ẹni pé ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ajá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìsàn. Ọ̀fọ̀ ni. Ohun tí ó lè sọ ọ́ di àìsàn ni kí ènìyàn máa gbé e mì nítorí ìtìjú, nígbà tí kò rí ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn.

ÀGBÀ TÍ Ó DÁ GBÉ

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àgbà tí a fi sílẹ̀ ní ìlú. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó ni ẹ ní bàbá tàbí ìyá ní ilé. Mo ṣe àbẹ̀wò sí Obbo-Ilé, ní agbègbè Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, mo sì bá bàbá ọdẹ kan pàdé níbẹ̀ tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn ọmọ bàbá yìí ti tú ká sí ìgboro, ìyàwó rẹ̀ sì ti di olóògbé. Ajá náà ni ó ń jí i láàárọ̀, òun ni ó ń bá a rìn dé oko, òun náà ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Láti ìgbà tí ajá ti kú, bàbá kò lọ sí oko mọ́. Orí àga kan náà ni ó ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń jẹun lóòjọ́. Ọmọ rẹ̀ kan pè é lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá náà! Nítorí ajá lásán? A ó ra òmíràn fún yín." Bàbá kò dá a lóhùn.

Ọmọdékùnrin kan ní àdúgbò ni ó ṣe ohun tí ó yẹ láìmọ̀. Ó bi bàbá pé, "Bàbá àgbà, agogo tí ó máa ń wà ní ọrùn rẹ̀ ńkọ́?" Bàbá dìde, ó wá agogo náà rí, ó fọ̀ ọ́, ó sì lọ gé igi ní ẹ̀yìn odi láti gbẹ́ pákó tí yóò fi gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ yẹn sì jókòó tì í, ó ń gbọ́ ìtàn. Nígbà tí mo fi máa kúrò ní ìlú, bàbá ti ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àgbà tí ó bá jókòó sójú kan, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa rọ. Bí kò bá jẹun tó, agbára a dín kù. Bí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ó lè pa oògùn rẹ̀ tì. Nítorí náà, bí ajá òbí yín bá kú, ẹ má ṣe fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kí i kú àdánù, ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn ajá náà, kí ẹ sì bi í pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí a fi rántí rẹ̀?"

KÌ Í ṢE ÀṢÀ ÀJÈJÌ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní èyí. Àwọn baba wa a máa sọ ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, ìjálá ọdẹ sì kún fún oríkì ẹranko. Ní agbègbè Obbo yìí kan náà ni Ọ̀sí wà, ìlú Aréògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, tí Bándélé ọmọ rẹ̀ sì tún gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwa ni a ń gbẹ́ ère ìbejì bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. N kò ní kí a fi ajá wé ọmọ ènìyàn o! Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ìrántí, ọkàn a máa rí ìtura.

Òkè òkun náà kò gbẹ́yìn. Ní Asnières, nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣí itẹ́ òkú fún ajá àti àwọn ẹran ilé mìíràn ní 1899. Ní Tokyo, ní ilẹ̀ Jàpáánì, ajá kan wà tí ń jẹ́ Hachiko. Olówó rẹ̀ kú ní 1925, ṣùgbọ́n ajá náà ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin títí òun náà fi kú ní 1935. Wọ́n fi idẹ ṣe ère rẹ̀ ní 1934. Nígbà ogun àgbáyé kejì wọ́n yọ́ ère náà nítorí pé wọ́n nílò irin, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1948. Idẹ ṣègbé, ìtàn kò ṣègbé.

KÍ A TÓ ṢE ÌRÁNTÍ

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó pa ẹran náà. Bí ajá bá ń dà itọ́ lẹ́nu, tí ó ń já ohunkóhun jẹ láìnídìí, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ kí ó tó kú, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Irú òkú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ lásán kàn. Ẹ má gé irun rẹ̀, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má yọ eyín rẹ̀ fún ìrántí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹran rẹ̀. Kí ẹ tó sin ín, ẹ fi tó dókítà ẹranko ìjọba létí, pàápàá bí ó bá ti gé ènìyàn jẹ, nítorí ó lè fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwádìí àìsàn ẹranko tí ó wà ní Vom láti ọdún 1924 wà lára ibi tí a ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ajá náà bá gé jẹ, tàbí tí ó bá la egbò rẹ̀, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró wo bóyá ara yóò yá. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dún káàkiri ayé, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ogbó ni ó pa ẹran yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi aṣọ tàbí àpò dì í, kí ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí àwọn ajá mìíràn má baà hú u. Kí ibẹ̀ jìnnà tó mítà 30 sí kànga. Ẹ má jù ú sí odò tàbí ààtàn. Bí ó bá jẹ́ oògùn eku ni ó jẹ, ẹ tètè sin ín, kí ẹran mìíràn má baà jẹ òkú rẹ̀ kí ó sì kú.

OHUN MẸ́RIN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, igi. Ẹ gbin òdòdó tàbí ọsàn sí ojú ibi tí ẹ sin ín sí. Bí òjò bá ti dé, ẹ̀ka pèrègún náà a máa tètè mú. Fún àgbà tí ó dá gbé, igi dára púpọ̀, nítorí yóò máa jáde lọ bu omi rin ín.

Èkejì, ọ̀já ọrùn tàbí agogo rẹ̀. Bí kò bá sí ìfura dìgbòlugi, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ sì fi ìṣó kàn án mọ́ pákó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ọdún tí ó dé àti ọdún tí ó lọ.

Ẹ̀kẹta, ère amọ̀. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀, ẹ fi omi pò ó títí yóò fi rọ̀, kí àwọn ọmọ sì mọ ajá tí kò ju ìkúùkù lọ. Inú ibòji ni kí ẹ ti jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí oòrùn yóò sán an. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ má gbé e sí ìta, òjò yóò yọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àti oríkì. Ẹ tẹ àwòrán tí ó wà nínú fóònù jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí olúkúlùkù ará ilé kọ ohun kan tí ó rántí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kì í bí a ti ń ki ohun rere. Bí àpẹẹrẹ, bí ajá yín bá ń jẹ́ Tanímọ̀la:

Tanímọ̀la, ajá ọdẹ,
A-gbọ́-ìró-ẹsẹ̀-mọ-onílé,
A-fojú-kan-sùn-fojú-kan-ṣọ́lé,
Ajá tí ń ṣíwájú olówó rẹ̀ dé oko,
Tí kì í jẹ́ kí ó dá nìkan bọ̀.

Èyí kò ná ni ní kọ́bọ̀, àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ náà sì lè ṣe é.

TI ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ kékeré pé ajá lọ sí ìrìn-àjò. Yóò máa retí rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ó ń sùn. Ẹ̀rù oorun lè bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ náà. Ẹ sọ pé, "Ó ti kú. Ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní padà wá." Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè tún béèrè lọ́la àti lọ́túnla, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn kan náà. Bí ó bá ń sunkún, ẹ má ṣe sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan ṣe nínú ìrántí náà.

Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọdé tàbí àgbà kò jẹun, tí kò sùn, tàbí tí ó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ má sáré ra ajá mìíràn ní ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí onílé fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tún fẹ́. Bí ó bá sì dé, ẹ gbà á ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ti là á sílẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù September lọ́dọọdún ni ọjọ́ ìgbógun ti dìgbòlugi káàkiri ayé. Ẹ lè fi ọjọ́ náà ṣe àmì, kí ẹ má baà gbàgbé. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀fọ̀ ṣe ara wa léṣe. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.