Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀rọ ní Èdè Írẹ́lándì Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, bí àwọn ará Írẹ́lándì bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé "ó sọ," "as·beir" ni wọn yóò kọ. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí ó dúró bí "kò" tiwa. "Ní" ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ ó wá rò pé bí wọ́n bá fẹ́ wí pé "kò sọ," wọn yóò kàn gbé "ní" síwájú "as·beir," ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Ní epir" ni wọn yóò kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "as·beir" àti "epir," ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà dáadáa kò ní gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò mọ ọmọ ìyá ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kí ó wá "as·beir" nínú ìwé 1,000 ojú ewé, kí ẹ tó ṣẹ́jú yóò ti wá a tán, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí "epir" wà ni yóò fò kọjá. Nítorí èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àwọn yunifásítì Írẹ́lándì ṣe ń fi nǹkan bí ọdún 4 ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ títí yóò fi mọ èdè àtijọ́ náà kà. Oyè dókítà ni wọ́n ń gbà lẹ́yìn rẹ̀, dókítà ìmọ̀ ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ìjọba ń san owó ilé-ìwé fún, tí ó tún ń fún ní owó oúnjẹ. Ìgbìmọ̀ Ìwádìí ti Írẹ́lándì, tí a dá sílẹ̀ ní 2012, ni ó ń ṣètò sikọ́láṣíìpù náà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù August 2024 ni a pa á pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ mìíràn, Taighde Éireann sì ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú lè gbà á.

Níbo ni ìwé tí wọ́n ń kà wà? Èyí tí ó níye lórí jù fún èdè náà kò sí ní Írẹ́lándì. Láyé ìgbà náà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ayé wọn fún ìsìn Ọlọ́run a máa ti Írẹ́lándì rìn lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé wọn a sì máa bá wọn lọ. Èdè Látìn ni ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ Látìn kan bá le, wọn a fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè abínibí wọn sí àárín ìlà tàbí sí etí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ti ń fi pẹ́ńsù kọ Yorùbá sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nígbà tí tíṣà kò wò ó. Ọ̀kan wà ní Würzburg ní Jámánì, èyí tí í ṣe àwọn Épístélì Pọ́ọ̀lù. Àlàyé bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 3,000, nǹkan bí ọdún 750 ni a sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Òmíràn wà ní Milan ní Ítálì. Òmíràn tún wà ní St. Gallen ní Switzerland, ìwé gírámà Látìn tí wọ́n dà kọ ní nǹkan bí 850. Ní etí ojú ewé kan nínú rẹ̀, akọ̀wé fi àmì ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ogham kọ ọ̀rọ̀ kan péré, "latheirt." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí pé ọtí ti ṣe òun bí ọṣẹ ti í ṣe ojú. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n.

Ohun tí ó mú kí àlàyé wọ̀nyí ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ àwọn tí ń sọ èdè náà gan-an ni wọ́n ti wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn àti òfin tí ó kù ní Írẹ́lándì, àdàkọ ni. Baba dà á kọ, ọmọ tún un dà kọ, olúkúlùkù sì ń ti èdè ìgbà tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá, ará Jámánì kan, Johann Kaspar Zeuss, ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun, ti rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú láti fi ojú ara rẹ̀ ka àwọn àlàyé náà. Ní 1853 ni ó tẹ gírámà ńlá rẹ̀ jáde. Ó kú ní 1856, ẹni 50 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń dá ẹ̀rọ láàmú. Akọ̀wé ayé ìgbà náà kì í fi àlàfo sílẹ̀ bí a ti ń fi í sílẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ohùn kò tẹ̀, a so ó mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e. "Is fír" ni "òótọ́ ni"; a kọ ọ́ pọ̀, a di "isfír." Àwa náà mọ irú rẹ̀. "Ra ẹja" a di "rẹja," "jẹ ohun" a di "jẹun," ọmọ Yorùbá kò sì ní bi yín léèrè ibi tí ọ̀kan parí sí. Ẹ̀rọ ni yóò béèrè. Wọ́n tún ń fi ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ènìyàn há inú ọ̀rọ̀-ìṣe. "Do·beir" ni "ó mú wá." Bí ó bá jẹ́ èmi ni ó mú wá, lẹ́tà m nìkan ni wọn yóò tì bọ àárín, "dom·beir." (Àmì tó-tó tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní ni ó fi í síbẹ̀.)

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti orí. "Cenn" ni orí. "A chenn" ni orí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti ọkùnrin. "A cenn" ni orí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti obìnrin. Àwa tí a ní "rẹ̀" kan fún tọkùnrin tobìnrin lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná: "a cenn" náà ni orí wọn, bí wọ́n bá pọ̀! Ẹnu ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀, nítorí wọn a pe c náà bí g, ṣùgbọ́n wọn kò yí lẹ́tà rẹ̀ padà. Ẹni tí ń kàwé ní láti mọ ohun tí a ti ń sọ bọ̀, kí ó tó mọ̀ bóyá obìnrin kan ni tàbí èrò púpọ̀.

Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Galway tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìwé Würzburg yìí. Ẹ̀rọ ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń rántí àwọn tí ó ti kọjá, ó sì ń méfò bóyá ibi tí ó dé yìí ni ó yẹ kí àlàfo wà. Ìwé tí ènìyàn ti pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí ó bá ṣì í, a ṣírò àṣìṣe rẹ̀, a tún ara rẹ̀ ṣe, a tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀nà náà lè já sí rere. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń fèsì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí ti jẹ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán láyé rẹ̀. Àwọn akọ̀wé Würzburg ti kú. Wọn kò ní kọ ìlà kan sí i.

Nítorí náà ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé "epir" yìí, ìdílé "as·beir" ni ó ti wá. Ní Maynooth, láàárín 2015 sí 2021, àwọn ọ̀mọ̀wé tí àjọ ìwádìí ti Yúróòpù sanwó fún ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n sì fi bí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà láti ìran dé ìran ṣírò ọjọ́ orí ìwé tí kò ní déètì.

Ẹnìkan lè bi mí pé, èwo ni ti fífi owó ìlú ṣe èdè tí kò sí ẹni tí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́? Èmi náà ti bi ara mi. Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn wà nínú àwọn òfin. Ní 1978, ọ̀mọ̀wé D. A. Binchy tẹ òfin àtijọ́ Írẹ́lándì jáde ní ìdìpọ̀ 6, bí ó ti wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ gan-an, láìsí ìtumọ̀. Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kò tí ì túmọ̀ títí di òní. Nínú èyí tí a ti túmọ̀, odidi òfin kan wà fún oyin nìkan: ta ni ó ni agbo oyin tí ó sá kúrò nílé, kí sì ni a ó san fún ẹni tí oyin ta. Kí ni ó wà nínú àwọn tí ó kù? Àwọn tí ó lè ka irú èdè bẹ́ẹ̀ dáadáa kò pọ̀ láyé.

Ẹ̀rọ kò ní túmọ̀ òfin náà fún wọn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń retí ni pé bí òun bá tẹ "as·beir," kí gbogbo ibi tí "epir" fara pamọ́ sí jáde wá lẹ́ẹ̀kan náà, kí òun sì fi ojú ara òun kà wọ́n.