Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Kọ Oúnjẹ

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àìsàn kan wà tí kì í ṣe ibà, tí kì í sì í ṣe inú rírun. Ọmọ yóò máa kọ oúnjẹ, ẹ̀rù sísanra yóò máa bà á, títí yóò fi rù kan eegun.

Ìyá rẹ̀ kò ní lè sùn. Bàbá rẹ̀ yóò dé ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ kò ní sí lórí ọjà. Aládùúgbò yóò ní wọn kò tọ́ ọmọ dáadáa. Irọ́ ni! Àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀bi òbí.

Ẹ má sì pe ẹkún wọn ní àìnígbàgbọ́. Ànábì Yákúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ ànábì Ọlọ́run ni.

Òbí ṣe pàtàkì nínú ìtọ́jú àìsàn yìí. Ní 1987, àwọn oníṣègùn ní Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé ọmọ tí ó mú kí ó tó pé ọdún 19, tí kò sì tíì pé ọdún 3 lára rẹ̀, ń sàn jù bí a bá tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òbí bá wó lulẹ̀, ta ni yóò jókòó ti ọmọ nídìí àwo?

Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kí ẹbí máa bá wọn ṣọ́ ọmọ, kí wọn lè sinmi. Kí wọn sọ ìbànújẹ́ tiwọn náà fún dókítà. Àwa àlùfáà, ẹ má jẹ́ kí á di ẹrù ààwẹ̀ ru irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Al-Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Àmín.