Ìlóṣòó Ẹlẹ́rù: Àyè Ìyí Ìbàdí, Ìsọ̀kalẹ̀ àti Agbára Iṣan

Ọmọ tí kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ í sọ tán ti mọ bí a ti í lóṣòó. Àgbà náà a máa lóṣòó nídìí ààrò àti nídìí àwo tí ó ń fọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀pá irin tí ó wọn kìlógíráàmù 100 lé èjìká ẹni tí ó fẹ́ lóṣòó, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti ojoojúmọ́. Ó di ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí tí kò ní tàsé. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ni ìlóṣòó ẹlẹ́rù. Ó yàtọ̀ sí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí orúnkún kì í ti í ká púpọ̀; ó sì yàtọ̀ sí kíkúnlẹ̀, níbi tí orúnkún ti ń kanlẹ̀.

Bí ọ̀dọ́ kan kò bá lè sọ̀kalẹ̀ tó lábẹ́ irin, ohun tí olùkọ́ sábà máa ń wí ni pé, “Iṣan rẹ ni ó le.” Yóò wá ní kí ó máa nara, kí ó sì máa fi tipátipá sọ̀kalẹ̀. Nígbà mìíràn òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà mìíràn kì í ṣe òótọ́, oríkèé ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn.

(a) Àyè ìyí. Bí orí ọmọ-odó ti í wà nínú odó, bẹ́ẹ̀ ni orí egungun itan, tí ó rí róbótó, ṣe wà nínú kòtò egungun ìbàdí. Lábẹ́ orí yìí ni ọrùn egungun itan wà. Àyè ìyí ni gbogbo ibi tí egungun itan lè yí dé kí nǹkan tó dá a dúró. Bí orúnkún bá ká, itan àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lè sún mọ́ àyà dé nǹkan bí dìgírì 120. Bí orúnkún bá nà tán, iṣan ẹ̀yìn itan a tètè dá a dúró, kì í sì í sábà kọjá nǹkan bí dìgírì 90. Ṣùgbọ́n orúnkún ká nínú ìlóṣòó. Nítorí náà, iṣan ẹ̀yìn itan tí a máa ń dá lẹ́bi kì í sábà jẹ́ ìdènà níbẹ̀.

Ohun méjì ni ó lè dá itan dúró. Èkíní ni iṣan, èyí tí ìnara lè mú rọ̀. Èkejì ni egungun. Kòtò ẹlòmíràn jìn, ọrùn egungun itan ẹlòmíràn nípọn, kò sì sí ìnara tí ó lè gbẹ́ egungun. Ní 2003, Reinhold Ganz, oníṣẹ́-abẹ egungun ní Bern ní ilẹ̀ Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé bí ọrùn egungun itan bá ń gbún etí kòtò lemọ́lemọ́, ó lè ba etí náà jẹ́, kí ó sì di àrùn oríkèé.

(b) Ìsọ̀kalẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ pe èyí ní “jíjìn”, ṣùgbọ́n kànga ni ó ń jìn; ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ ni. International Powerlifting Federation, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, fi òfin sọ ìwọ̀n rẹ̀: òkè itan níbi oríkèé ìbàdí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju òkè orúnkún lọ. Ìbàdí nìkan kọ́ ni ó ń pinnu èyí. Bí ọrùn ẹsẹ̀ kò bá ká dáadáa, gìgísẹ̀ a gbéra nílẹ̀. Nítorí èyí ni bàtà àwọn tí ń gbé irin fi ga ní gìgísẹ̀. Bí àyè ìyí bá sì tán, tí ènìyàn kò dúró, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò tẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Ní 1961, Karl Klein ti Yunifásítì Texas sọ pé sísọ̀kalẹ̀ pátápátá a máa dẹ àwọn okùn tí ó so orúnkún pọ̀. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e kò fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

(d) Agbára iṣan. Èyí ni ipá tí ó ga jù lọ tí iṣan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í dọ́gba ní gbogbo ibi tí ara bá dé. Bí itan ti ń bọ̀ wá dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ni ìbàdí ń jìnnà sẹ́yìn ọ̀gangan ọ̀pá irin, ibẹ̀ ni ẹrù sì ti í le jù. Ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì lè gbé irin tí ó wúwo jù, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń dé ni agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Agbára ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni a ti í wá a.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ olùkọ́ ni pé: kí ni ó dá itan dúró? Bí iṣan ìdí tàbí ti inú itan bá ń fà, kí ọ̀dọ́ náà máa nara díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá ń gún un níwájú oríkèé ìbàdí, kí ó la ẹsẹ̀ sí i, kí ó yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀, kí itan lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí ìrora náà kò bá lọ, kí ó sọ irin kalẹ̀, kí ó lọ rí dókítà. Ẹni tí ó bá pe egungun ní iṣan yóò máa na ohun tí kò ṣeé nà.