Àlejò Tó Mọṣẹ́: Kí Ló Ń Dá A Dúró sí Ìlú Kékeré?

Dókítà tó kàwé gboyè ní Ilé-Ifẹ̀, tó wá ṣí lọ sí Ọsirélíà, kò lè kàn gúnlẹ̀ sí Sydney kó ní òun fẹ́ di dókítà àdúgbò. Medicare ni ètò tí ìjọba ibẹ̀ fi ń sanwó ìtọ́jú ará ìlú. Fún nǹkan bí ọdún 10, Medicare kò ní í sanwó fún aláìsàn tí dókítà tó ti òkèèrè wá bá tọ́jú, àfi tí dókítà náà bá jókòó síbi tí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ìgbèríko ló sì pọ̀ jù nínú irú ibẹ̀. Ti físà náà tún wà. Láti ìparí ọdún 2019 ni wọ́n ti gbé físà 491 àti 494 jáde fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ tó bá gbà láti gbé lẹ́yìn odi Sydney, Melbourne àti Brisbane. Ẹni tó bá fi ọdún 3 ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè bèèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé.

Ọgbọ́n yìí dára, ó ń mú èèyàn dé ìgbèríko. Bí gbèdéke bá wá pé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹrù wọn lọ sí ìlú ńlá. Ohun tó ń da àwọn ará ìgbèríko Ọsirélíà láàmú nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì kan Iléṣà àti Òṣogbo. Lónìí, àwa là ń pàdánù: ní oṣù kẹrin 2025, Mínísítà ìlera, Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àmọ́ ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni onímọ̀ ń wá.

Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà òyìnbó ti ń sìn níbẹ̀ kó tó bọ́ sábẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀kan nínú wọn ni David Morley, tó dé ní 1956. Kò jókòó sí Iléṣà nìkan. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tó parí ogun Kírìjì ní 1886, ó sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fi ìlà sàmì bó ṣe ń wúwo sí i lórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà bá ti dúró sójú kan, tí kò gòkè mọ́, ìyá àti nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé oúnjẹ tàbí àìsàn ń bá ọmọ jà, kó tó rù kan egungun. Káàdì yẹn ló di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé.

Morley kò lò ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ tó fi padà sí London. Ẹni tó bá ń ka ọdún nìkan á ní Iléṣà kò rí i dì mú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ó fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ náà, àwọn ló ń rí ọ̀pọ̀ ọmọ, tí wọ́n ń yọ èyí tó le sọ́tọ̀ fún dókítà. Nítorí náà, nígbà tí ó lọ, iṣẹ́ kò bá a lọ. Ó sì rí ohun kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí London ìgbà yẹn kò ní fún un: ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dáhùn, nípa èéyi àti ebi àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Onímọ̀ gidi a máa lépa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé abúlé.

Ẹ wo Òṣogbo náà. Ní 1950, òyìnbó kan, Ulli Beier, àti ìyàwó rẹ̀, Susanne Wenger, dé Ìbàdàn, nítorí Beier ríṣẹ́ ní Yunifásítì. Ìrìn kan náà ni wọ́n rìn, àbọ̀ wọn ló yàtọ̀. Beier ṣe gudugudu méje. Òun àti Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, ló dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1966 ó kúrò ní Nàìjíríà, ó gba Papua New Guinea lọ, Sydney ló sì kú sí ní 2011. (Bẹ́ẹ̀ ni, Ọsirélíà kan náà.) Wenger kò lọ. Ó gba òrìṣà, wọ́n sọ ọ́ ní Àdùnní, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí jọ tún ojúbọ Igbó Ọ̀ṣun mọ. UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, Wenger sì kú ní Òṣogbo ní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Kò sẹ́ni tó fi físà so ó mọ́lẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí kò lè rí ṣe níbòmíràn, ó ní orúkọ, ó ní àwọn tó ń pè é ní ìyá.

Ṣé a wá lè fi òrìṣà dá nọ́ọ̀sì dúró ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà? Rárá o. Àmọ́ àwọn tó ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí sọ ohun tí kò jìnnà sí i. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní 2010, tí wọ́n tún un ṣe ní 2021, owó kì í dá ṣe é. Wọ́n ní kí a mú ọmọ ìgbèríko wọ ilé ìwé ìṣègùn, kí a kọ́ wọn nítòsí ìgbèríko, kí a fún wọn ní ilé tó dáa, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, àti ilé ìwé fún ọmọ wọn. Japan ti ń ṣe apá kan rẹ̀ láti 1972 ní Yunifásítì Ìṣègùn Jichi: gbogbo ẹkùn ìpínlẹ̀ ló ń rán ọmọ wá, ẹni tó bá padà sìn ní ẹkùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kò ní í san owó ilé ìwé.

Ní tiwa, àgùnbánirọ̀ ni a gbójú lé láti 1973. Dókítà á dé abúlé, á lo ọdún kan, á gba ìwé ẹ̀rí, ó di gbéré. Ní 2023, aṣòfin Ganiyu Johnson dá àbá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. Àwọn dókítà fárí gá, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ọsirélíà tó ń pàṣẹ fún àlejò ń fún un ní ìgbélùú lẹ́yìn náà. Kí ni tiwa fẹ́ fún ọmọ onílé? Ètò tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2024 lórí ìrìnkèrindò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sún mọ́ ọgbọ́n díẹ̀, ó ní kí a tọ́jú ẹni tó bá gbà láti lọ sí ìgbèríko. Ó kù kí owó rẹ̀ jáde.

Ìjẹ̀ṣà kò ṣàì mọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò wọn, ti ń ta aṣọ àwìn kiri ìlú onílùú kí jápa tó dé. Ilé tí àwọn tó wà lókè òkun kọ́ sí Iléṣà, tó jẹ́ ọdún Kérésì ni wọ́n ń ṣí i, kò ṣẹ́yọ. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Iléṣà ní London bá gbà kí dókítà mẹ́ta àti ìdílé wọn máa gbé nínú mẹ́ta lára àwọn ilé náà láìsan owó ilé, kí iná ìtànṣán oòrùn wà níbẹ̀, kí wọ́n sì bá aya tàbí ọkọ dókítà wá iṣẹ́, ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.