Ṣé O Mọ̀? Bakitéríà Tó Ń Jẹ Gáàsì Ààtàn

Ṣé o mọ̀ pé gáàsì kan ń jáde lábẹ́ ààtàn Abà-Eku, lójú ọ̀nà Akanran ní Ọ̀nà-Àrà, Ìbàdàn, tí ojú kò lè rí, tí imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀? Mítéénì ni. Ìdọ̀tí tó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ń pèsè rẹ̀. Òórùn tí èrò ọ̀nà ń sá fún, gáàsì mìíràn ló ni ín.

Ṣé o mọ̀ pé, láàárín 20 ọdún, agbára tí mítéénì fi ń mú ayé gbóná ju ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80? Kì í sì í pẹ́ lójú òfuurufú: nǹkan bí ọdún 12. Ẹni tó bá dín in kù yóò tètè rí èrè rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé mítéénì gan-an ni oúnjẹ òòjọ́ wọn? Söhngen, onímọ̀ ará Holland, ló ṣàlàyé wọn ní 1906. Wọ́n ń gbé inú ẹrẹ̀, inú àbàtà, inú ilẹ̀ oko, àti inú erùpẹ̀ tí wọ́n bá fi bo ààtàn. Purotéènì kan tí bàbà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ mítéénì di mẹ́tánọ́ọ̀lù, láìdáná rárá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù láti ara gáàsì ní láti mú un gbóná kọjá 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù lọ.

Ikán náà ń mú mítéénì jáde, ṣé o mọ̀? Ìwádìí tó jáde ní 2018 lórí ọ̀gán ilẹ̀ Australia fi hàn pé bakitéríà inú ọ̀gán àti ti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kó tó bọ́ sí afẹ́fẹ́. Ó yẹ kí wọ́n wo àwọn ọ̀gán oko wa náà wò.

Ṣé o mọ̀ pé ìbátan ògì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní 2016, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí NREL ní Amẹ́ríkà mú àbùdá kan lára Lactobacillus, ẹ̀yà bakitéríà tó ń jẹ́ kí ògì kan, wọ́n fi sínú Methylomicrobium buryatense tó ń jẹ mítéénì. Bó ti ń jẹ gáàsì ló wá ń ṣe ásíìdì tó wà nínú omi ògì, èyí tí wọ́n ń fi ṣe ike tó lè jẹrà. Ní 2023, Mary Lidstrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington fi hàn pé irú bakitéríà yìí lè máa dàgbà níbi tí mítéénì kò ti ju 500 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Iná kò lè mú ohun tó fọ́nká tó bẹ́ẹ̀.

Ìbàdàn kò gbẹ́yìn. Dókítà Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ SEED ní 2005 fún Cows to Kilowatts, ètò láti sọ omi ìdọ̀tí odò-ẹran Bódìjà di gáàsì ìdáná. Tèmi ni pé kí á fi gáàsì tó bá pọ̀ dáná, kí á sì fi èyí tó fọ́nká sílẹ̀ fún bakitéríà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da bakitéríà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà sí Abà-Eku láìgba àṣẹ? Òfin 2015 ló fa iṣẹ́ fífúnni ní àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé National Biosafety Management Agency lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn tó ti wà nínú erùpẹ̀ wa kò nílò ìwé àṣẹ. Erùpẹ̀ tó rọ̀, tí a pò mọ́ ìdọ̀tí tó ti jẹrà tán, tí afẹ́fẹ́ ráyè wọ̀, ni kí wọ́n fi bo ààtàn náà fún wọn.