Ilẹ̀ Líle, Ilẹ̀ Rírọ̀: Ibo La Ó Fi Ọ̀kọ̀ọ̀kan Sí Nínú Ilé?

  Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà la máa ń sọ níbí. Tòní kan méjèèjì. Ilẹ̀ inú ilé ni: ibi tí à ń tẹ̀, tí à ń jókòó sí, tí ọmọ wa ń rákòrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo kó owó jọ díẹ̀ díẹ̀, mo ní kí wọ́n fi káró sí yàrá ìyá mi ní Sákẹ́tẹ́. Káró funfun ni, ó ń dán bíi dígí. Gbogbo àdúgbò wá wò ó, ìyá mi sì gbàdúrà fún mi títí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ìdí àdògán bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ wọn tutù. Ẹsẹ̀ kan wọlé, ìkejì ò tíì balẹ̀ tí wọ́n fi yọ̀ ṣubú. Wọ́n fi ọwọ́ gba ara wọn, ọrùn ọwọ́ sì kán.

Nígbà tí a dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ilẹ̀ tí o ṣe fún mi yìí, ojú ló mọ̀, kò mọ ẹsẹ̀.”

Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹní yín padà.” A tẹ́ ẹní sórí káró. Ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹní ń sá kiri lórí káró bí ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré gùn ún, òun náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti káró nìkan, kì í sì í ṣe ti ẹní. Ohun líle ní ibi tirẹ̀ nínú ilé, ohun rírọ̀ ní ibi tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ di ara wọn mú kí wọ́n má sá. Ohun tí mo fẹ́ ká mú lọ sílé lónìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin ọ̀rúndún 11 sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àpáàdì ni wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Wọn kì í sábà tẹ́ àpáàdì náà gbalaja. Wọ́n ń tò ó ní ìnàró, ègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé, kí etí rẹ̀ wà lókè. Ìtàn ẹnu sọ pé obìnrin kan tó jẹ Ọọ̀ni, Lúwo, ló ní kí wọ́n fi tẹ́ ìlú. Àwọn awalẹ̀ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Togo àti ní Benin tiwa níbí pẹ̀lú. Ègé kéékèèké ni wọ́n. Bí ibì kan bá rì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe láti yọ ègé ibẹ̀, ká tún un tò, kí ìyókù má bàjẹ́. Nílé àwọn bàbá wa, bó bá wá di àkókò ìjókòó tàbí oorun, ẹní la máa ń tẹ́. Líle nísàlẹ̀, rírọ̀ lókè.

Lónìí, ọgbọ́n kan náà ló wà lójú títì ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́. Gbogbo wa la mọ pafé: búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kéékèèké tí ọ̀kan ń há mọ́ ìkejì, tó jẹ́ yanrìn ló wà láàrin wọn, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Rírọ̀ tirẹ̀ náà sì ti dé ọjà: àwọn ègé fóòmù onígun mẹ́rin, aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí etí wọn ní eyín bíi ti ayùn ńlá. Eyín ọ̀kan ń wọ inú ihò ìkejì. Tápì puzzle ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ní òkè òkun, wọ́n tún ń ṣe ilẹ̀ tó ní ègé líle àti ègé rírọ̀ tí etí gbogbo wọn bára mu. Ó lè má tíì dé ọjà wa, àmọ́ a lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ wa ṣe irú rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí ló burú nínú ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ lásán? Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n. Omi dà sí i, ó di ẹrẹ̀. Ọmọ tọ̀ sí i, a ò lè fọ̀ ọ́. Ẹyin aràn ń wà nínú yẹ̀pẹ̀, ọmọ á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Aràn kan tilẹ̀ wà tó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Jìgá náà, inú eruku ilẹ̀ gbígbẹ ló ń gbé.

Ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ìpínlẹ̀ Coahuila bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2000, Piso Firme lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tó le. Wọ́n ń fún àwọn ìdílé tí ilẹ̀ wọn jẹ́ yẹ̀pẹ̀ ní sìmẹ́ńtì tó lè bo ilẹ̀ tó tó mítà onígun mẹ́rin 50. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Nínú ilé tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kúrò ní yẹ̀pẹ̀ tó di sìmẹ́ńtì, aràn ara ọmọdé dín kù ní 78 nínú 100, ìgbẹ́ gbuuru dín kù ní 49 nínú 100, àìtó ẹ̀jẹ̀ dín kù ní 81 nínú 100. Ẹ ò rí i? Kì í ṣe oògùn, ilẹ̀ ni. Nítorí náà, bí owó yín bá kéré, ilẹ̀ líle ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kò dìgbà tó bá di káró. Sìmẹ́ńtì tí a tẹ́ dáadáa, tí a ń bu omi rin fún ọjọ́ 7 kó má baà gbẹ yára, ó tó.

Ṣùgbọ́n líle nìkan ní ewu tirẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé ìṣubú ń pa ènìyàn tó tó 684,000 lọ́dún kárí ayé, ó sì lé ní 80 nínú 100 wọn tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ bíi tiwa. Àwọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ibi tí àgbà ti ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ìjókòó, ibi tí aláìsàn ń sùn sí nílẹ̀, ibẹ̀ ni rírọ̀ yẹ kó wà. Ẹnu ọ̀nà, ìdí omi àti ìdí iná, líle ni, àmọ́ kí líle náà ní ara gbígbóró, kó má dán.

Ẹ̀yin ará Issaba àti gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ pupa la ní ní Sákẹ́tẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́. Ilẹ̀ dúdú tiyín, bí òjò bá dé, á mu omi, á wú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á fún, á là débi tí ọwọ́ á fi wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ́ sìmẹ́ńtì gbalaja sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún kejì ó ti là. Ẹ má bínú sí birikílà, iṣẹ́ ilẹ̀ náà ni. Pafé lè ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀, pàápàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti iwájú ilé. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú kúrò, ẹ da ilẹ̀ pupa tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ gún un kó le. Ẹ tẹ́ yanrìn sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sórí rẹ̀, ẹ wá to pafé. Ẹ fi sìmẹ́ńtì di etí gbogbo yípo kí ègé má baà sá lọ, ẹ gbá yanrìn sáàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá mì, àwọn ègé á bá a mì. Bí ibì kan bá rì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi yanrìn gbé e dìde, ẹ dá a padà. Kí ẹ sì la ojú ọ̀nà fún omi òrùlé kó lọ jìnnà sí ògiri, nítorí omi yẹn gan-an ló ń wú ilẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ ọjà. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni.

Èkíní, káró. Ẹ má fi ojú rà á. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ní omi díẹ̀. Ẹ dà á sórí káró náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tì í síwájú. Bó bá yọ̀ lọ bí ẹni tẹ ilá, ẹ bi í bóyá ó ní oníwàrà. Ká ní mo ṣe báyìí ni, ọwọ́ ìyá mi ì bá má kán.

Èkejì, iye ègé fóòmù. Ẹnìkan lè sọ pé, “Mẹ́sàn-án ló wà nínú tèmi, mẹ́rin péré ló wà nínú tẹlòmíì.” Ẹ má sáré. Ẹ mú rúlà ọmọ lékòlù dání, sẹ̀ǹtímítà 30 ni gígùn rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ègé kan bá jẹ́ rúlà kan, mẹ́sàn-án rẹ̀ tí a tò ní mẹ́ta mẹ́ta á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 sí 90. Bí ẹ̀gbẹ́ ègé kan bá jẹ́ rúlà méjì, mẹ́rin rẹ̀ tí a tò ní méjì méjì á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 sí 120. Mẹ́rin ju mẹ́sàn-án lọ! Ìbú ilẹ̀ tó máa bò ni kí ẹ san owó lé lórí, ẹ má ka orí ègé.

Ẹ̀kẹta, òórùn. Ní òpin ọdún 2010, Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé dá títà tápì fóòmù yìí dúró, nítorí wọ́n rí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formamide nínú àwọn kan, wọ́n sì ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣe fún ọmọdé. Bí ẹ bá ṣí àpò rẹ̀ tó ń rùn gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá rà, ẹ tú u, ẹ sá a síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ọmọ tó gùn ún.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tẹ́ ẹ sórí yẹ̀pẹ̀ lásán, ọ̀rinrin àti kòkòrò á sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì tàbí káró ni ibi rẹ̀. Ẹ tò ó kan ògiri kó má baà sá. Ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ tú u, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Kí ẹ gbé e jìnnà sí ààrò àti sí oògùn ẹ̀fọn tí à ń tan iná sí, torí fóòmù ń jó kíákíá. Bí ọmọ bá ti ń fi eyín já a jẹ, ẹ yọ ègé yẹn, kó má baà há a lọ́fun.

Ohun kan kù tó ṣe pàtàkì. Ibi tí rírọ̀ ti pàdé líle, etí fóòmù á ga, ó sì lè gbá àgbà lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀ tuntun, ẹ sọ fún birikílà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí rẹlẹ̀ díẹ̀.” Ẹ gbé ègé fóòmù kan fún un kó fi wọn jíjìn rẹ̀. Bí ẹ bá wá tò ó síbẹ̀, òkè méjèèjì á dọ́gba. Ẹsẹ̀ ò ní mọ ìgbà tó kúrò ní líle bọ́ sí rírọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ ra èyí tó ní ọ̀já etí tó dà gẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ṣe nílé wa nìyí. A yọ káró ẹnu ọ̀nà, a fi sìmẹ́ńtì gbígbóró rọ́pò rẹ̀. A to fóòmù láti bẹ́ẹ̀dì kan ògiri. Ọwọ́ ìyá mi jinná, àmọ́ wọn ò lè fi í ro àmàlà mọ́. Èmi ni mò ń rò ó nísinsìnyí tí mo bá ti lọ kí wọn. Wọ́n á jókòó sórí fóòmù, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á ní, “Eléyìí mọ ẹsẹ̀.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ìbéèrè tiyín fún ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Èkíní: nílé yín, ta ló ti ṣubú rí, ibo nínú ilé ló sì ti ṣẹlẹ̀? Èkejì: bí owó bá tó ṣe ibì kan ṣoṣo, ibo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí sì nìdí? Ẹ̀kẹta: ẹ mú rúlà, ẹ wọn ibi tí ọmọ tàbí àgbà yín ń jókòó sí, kí ẹ ṣírò iye ègé tó máa bò ó. Ẹ kọ ìdáhùn yín, ẹ fi rán akọ̀wé ẹgbẹ́ sí wa. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ká sùn ire o. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín bí ẹ bá ń wọlé.