Ṣé o mọ̀ pé ìyekan ni igbá àti elégédé?

Ṣé o mọ̀ pé elégédé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbẹ́ ojú àti eyín sí lára ní alẹ́ Halloween, 31 oṣù Ọkítóbà, tí wọ́n sì ń fi ike tó jọ ọ́ gba súìtì láti ilé dé ilé, ìyekan igbá ilé wa ni? Ìdílé kan náà ni elégédé, igbá, apálá àti ẹ̀gúsí ti wá. Lọ wo igbá tí ìyá rẹ fi ń bu gààrí dáadáa!

Kí elégédé tó gba ipò, kí ni àwọn ará Ireland ń gbẹ́? Tọ́níìpù ni, gbòǹgbò kékeré kan tó le koko.

Wàyí o, ká wo àwọn ohun mìíràn tí a ń kó nǹkan sí: múra, Kumasi ní Ghana là ń lọ. Ní 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá jọ́ọ̀gì idẹ ńlá kan nílé ọba Asante. Ta ló rọ ọ́? Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni, ní nǹkan bí 1390 sí 1400, láyé Ọba Richard Kejì! Jọ́ọ̀gì wọn ti di ọmọ onílé ní Kumasi kí àwọn tó fi ìbọn wọlé. Àmì ọba wọn wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn sì yí ikùn rẹ̀ ká, pé kí ẹni tó bá ní máa tọ́jú pamọ́. Wọ́n kó o lọ, British Museum ní London ló wà títí dòní.

Bí o bá ń wá àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Asante lọ, ṣọ́ra kí o má ṣìnà: Krofrom wà nínú ìgboro Kumasi, kò jìnnà sí ààfin Manhyia, àmọ́ Krofofrom, abúlé àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, ẹ̀yìn ìlú ló wà. Lẹ́tà méjì péré ló yà wọ́n.

Ǹjẹ́ o gbọ́ ọ rí pé ẹ̀pà gidi lè di idẹ? Àwọn alágbẹ̀dẹ Asante á fi amọ̀ bo odindi ẹ̀pà, iná á jó o di eérú nínú amọ̀, idẹ yíyọ́ á sì gba ipò rẹ̀. Gbogbo ìlà ara èèpo rẹ̀ ló máa hàn kedere, wọ́n á wá fi wọn wúrà!

Ọgbọ́n tó wà nínú dída idẹ náà ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n á lẹ ìkòkò tí àfọ́kù idẹ wà nínú rẹ̀ mọ́ ẹnu amọ̀ náà, wọ́n á fi amọ̀ bo ojúpọ̀ rẹ̀ pa, wọ́n á sì tì í bọ iná. Bí idẹ bá ti yọ́ tán, wọ́n á dojú gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, idẹ á ṣàn wọ ihò fúnra rẹ̀, láìsí ojú tó rí i.

Àwo onídèérí wo ni wọ́n ń sin pẹ̀lú olówó nígbà mìíràn? Kuduo ni, àwo idẹ tí àwọn ọlọ́lá Akan, ẹ̀yà tí àwọn Asante wà nínú rẹ̀, ń kó eruku wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ sí. Lórí ìdérí àwọn kan, ẹkùn ti ki ẹran mọ́lẹ̀!

Àlejò wọlé, obì jáde: obì ni súìtì ilé Yorùbá, ó sì ní àwo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ti rí àwo tí orí èèyàn ń yí gbirigbiri lábẹ́ rẹ̀ rí? Olówè Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére Èkìtì tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ. Orí onírùngbọ̀n náà wà láàárín àwọn ère tó gbé àwo ró, kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun, kò sì lè jáde, nítorí inú igi kan náà ló ti gbẹ́ ẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ni wàá ti rí i.

Ìkòkò fọ́ ní Ifẹ̀, o rò pé ààtàn ló ń lọ? Rárá o! Wọ́n to àpáàdì ní ìdúró, wọ́n fi òkúta funfun sín in, ó di ilẹ̀ ọlọ́nà. Obìnrin ni ìtàn sì sọ pé ó pàṣẹ rẹ̀: Ọọ̀ni Lúwòó.

Ta ló kúrò ní yunifásítì ní Kumasi ní 1969, tó lọ ń fi irin gbígbóná ya ọnà sára àtẹ onígi tí àwọn ìyálọ́jà fi ń pàtẹ? El Anatsui ni, ọmọ Anyako ní Ghana. Nígbà tó di 2000, irin tí a fi ń rin gbágùúdá ló fi mọ odindi ògiri.

Ìwọ gbọ́ eléyìí: ní Ghana, gálọ́ọ̀nù òróró aláwọ̀ ìyeyè ń jẹ́ orúkọ ààrẹ! “Kufuor gallon” ni wọ́n ń pè é, torí John Kufuor, ọmọ Kumasi, ló wà lórí oyè (2001 sí 2009) nígbà tí omi wọ́n tí gbogbo ènìyàn ń fi gálọ́ọ̀nù náà pọn ọ́n. Lónìí, Serge Attukwei Clottey ní Accra ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà so ó pọ̀ di aṣọ ìkọ́giri.

Yọ 20 náírà jáde kí o yí i padà. Ladi Kwali, amọ̀kòkò, ló wà níbẹ̀, obìnrin ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí orúkọ àti àwòrán rẹ̀ wọ owó ilẹ̀ wa.

Ta ló sọ pé òyìnbó nìkan ló ń boojú lọ́dún? Ní Winneba ní Ghana, gbogbo 1 oṣù Jánúárì, ẹgbẹ́ aláboojú ń fi ijó díje sí fèrè idẹ.

Àwa náà ńkọ́, kí la lè kó súìtì sí? Wo abọ́ ike òde ìnáwó: orúkọ ìyàwó, ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà mìíràn ojú bàbá olóògbé tó ń rẹ́rìn-ín. Ìkà ló jẹ́ láti fi irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rọ omi adìyẹ. Da bàbá dúdú kún un fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí igbá lo bá sì fẹ́ kùn láti kó súìtì sí, ẹ̀yìn nìkan ni kí o kùn, má fi ọ̀dà kan inú, nítorí ẹnu àwọn ọmọ.

Ọjọ́ wo ló dára jù láti pín súìtì náà? 14 oṣù Fẹ́búárì! Bí àwọn mìíràn ṣe ń fún olólùfẹ́ ní òdòdó, Ọjọ́ Ṣokoléètì ni ó jẹ́ fún gbogbo Ghana.